Òkúta Tó Fọ́jú Nínú Òrùka

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: bí ẹ bá rí ohun tó ń dán nísàlẹ̀ asẹ́ omi ìdọ̀tí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe èèyàn méjì kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí ná. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ sínú bàtà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fi ọ̀kan pamọ́ sínú bàtà rí, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sẹ́wọ̀n.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni tiwa. A kì í ta nǹkan, àtúnṣe ni iṣẹ́ wa: òrùka tó há, ẹ̀gbà ọrùn tó já, yẹtí tí òkúta rẹ̀ bọ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ló ni iṣẹ́, ọkùnrin gíga fíofío, wọ́n máa ń tẹrí ba kí wọ́n tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kúkúrú ló ń fi iná gáàsì jó wúrà pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe ga tó. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Alásẹ́. Èmi ni mò ń fọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àti asẹ́ tí mo máa ń da omi náà sí kí nǹkan má baà ṣàn lọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan nù rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màmá kan mú òrùka wá. Ọkọ wọn tó ti ṣaláìsí ló fi sí wọn lọ́wọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, dáyámọ́ńdì tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ló sì wà lórí rẹ̀. Ìka ti sanra, òrùka kò sanra. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò le: ká gé òrùka, ká fi wúrà díẹ̀ kún un, ká fi iná jó o pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá padà dé láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, tí wọ́n tú bébà tí a fi dì í, òkúta náà ti fọ́jú. Kò dán mọ́. Ó funfun, ó ṣe báìbàì, bí ojú ẹja tó ti jinná.

Màmá Olórùka kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àga tó wà létí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan, wọ́n ní àwọn ò ní dìde níbẹ̀ títí dáyámọ́ńdì àwọn yóò fi padà wá. Wọ́n ní gíláàsì lèyí. Ọ̀gá wa náà gbà pé gíláàsì ni. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ta ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

Èmi ni. Èmi náà ni mo fọ̀ ọ́ ṣáájú. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, wọ́n ní bí òkúta náà kò bá jáde kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, kí wọ́n máa mú mi lọ.

Wàyí o, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mo sì bá òkúta kan nínú asẹ́ mi. Ó ń dán yanran. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo mú un dání, mò ń retí kí ọ̀gá dé kí n fi hàn wọ́n. Màmá ló kọ́kọ́ dé. Mo wá gbọ́ pé dáyámọ́ńdì sọnù. Tí mo bá mú un jáde, wọ́n á ní èmi ni mo jí i, ẹ̀rù ló mú mi dá a padà. Tí mi ò bá mú un jáde, tí wọ́n bá wá yẹ àpò mi wò ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà mi kò lókùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Obìnrin ni wọ́n rán sí wa. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó sanra díẹ̀, ó gbé fúláàsì tíì dání. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ sì máa ń sọ pé ì bá sàn kó pariwo mọ́ àwọn. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bá Kúkúrú kẹ́dùn lórí ẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Ó ní kí Màmá Olórùka fẹ̀yìn ti àga dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà lè pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òrùka, ó fi awò tí ọ̀gá wa fi ń wo òkúta sójú, ó sì wò ó títí tí tíì tó bù sínú ìdérí fúláàsì fi tutù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ ohun tó rí.

Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ bá wọ yàrá ẹ̀yìn. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ya yàrá náà kúrò lára tiwa, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwa tó kù a máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n ní Kúkúrú ló jó òrùka láàárọ̀ Túsìdeè kó tó lọ yọ eyín, pé lọ́sàn-án ni èmi fọ̀ ọ́. Wọ́n ní dáyámọ́ńdì ni ọba òkúta, iná kì í ràn án, òòlù kì í fọ́ ọ, nítorí náà èyí tó bá ti fọ́jú, kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Ẹni tó fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀ wà nínú ilé.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn pé iná kì í ràn án. Wọ́n ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí gbogbo ayé bá mọ̀, sà," ó dáhùn, "òun ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Kúkúrú ló kàn. Ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti lọ bá a, torí ẹ̀kẹ́ yẹn kò jẹ́ kó fẹ́ dìde. Kúkúrú jókòó sórí àga roboto tí wọ́n máa ń yí sókè yí sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro, wọn ò kanlẹ̀. Ó ní òun ò fi iná kan òrùka yẹn rárá. Ó ní bí òun ṣe dé láàárọ̀ Túsìdeè, eyín ń pa òun kú lọ, òun gbé òrùka síwájú ọ̀gá, òun gba àyè, òun lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kó fi ẹ̀rí hàn. Kúkúrú lanu.

"Ihò yẹn jẹ́rìí pé eyín kúrò," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Kò sọ aago fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Nínú ẹ̀kẹta ni agolo kan ti jáde, òkúta kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ń dán. Bí mo ṣe ń wò wọ́n báyìí, Màmá Olórùka ti dìde lórí àga tí wọ́n ní àwọn ò ní dìde lórí rẹ̀, wọ́n ti dé ìdí tábìlì, wọ́n ní tàwọn ti wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣá wá a. Kúkúrú bẹ̀rẹ̀ sí í là á mọ́lẹ̀ pé gíláàsì lásán ni, pé yẹtí àwọn ọmọdé ni òun fi ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu, bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ ni itọ́ ń dà. Mo ṣàánú rẹ̀. Kí n má purọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, kì í ṣe èmi.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ́ ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù sórí tábìlì. Ó da àwọn òkúta lé e, ó dojú wọn dé, ó wá tẹ̀ ba lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ṣàlàyé fún wa bó ṣe ń wò ó. Dáyámọ́ńdì, ó ní, bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, ó máa ń ṣẹ́ ẹ síhìn-ín, á tún ṣẹ́ ẹ sọ́hùn-ún, débi pé ẹ ò ní rí lẹ́tà kan ṣoṣo kà lábẹ́ rẹ̀. Gíláàsì ní tirẹ̀, fèrèsé ni, kò lè pa àṣírí mọ́. Ó wá fi ìka tẹ èyí tó tóbi jù.

"Méjì sí òdo," ó kà á.

"Ta ló jẹ ẹ́?" Kúkúrú bi í, tòun tẹ̀kẹ́ wíwú.

Gbogbo agolo náà pátá, a rí lẹ́tà kà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí dáyámọ́ńdì kankan níbẹ̀. Màmá padà sórí àga. Ó wá ku èmi.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí n jókòó. Mo ní mo fẹ́ràn ìdúró. Ó bi mí nípa Túsìdeè. Mo sọ fún un pé ọ̀sán ni mo máa ń dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo bá òrùka náà lórí tábìlì mi, wọ́n ti jó o tán, òkúta rẹ̀ sì ti funfun. Mo rò pé èéfín ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí apá fi ń ro mí, kò lọ.

"Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún ọ̀gá. Mo ní òrùka yìí ò fẹ́ mọ́."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní kí n máa dì í."

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá, ẹsẹ̀ ń dùn yín."

Mo ní làkúrègbé ni. Ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn o, ṣé abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni làkúrègbé tèmi wà ni, torí láti ìgbà tí òun ti dé ni mo ti ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bọ́ bàtà náà. Ó rọra sọ ọ́, bí ọmọ ṣe ń bẹ ìyá rẹ̀. Mo bọ́ ọ. Òkúta yẹn yí gbirigbiri jáde, ó lọ dúró láàárín ilẹ̀, ó ń dán.

Ọ̀gá wa ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, etí mi ti di. Mo ṣáà ń rò ó pé ta ló máa bá mi ti ilẹ̀kùn ilé mi.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú òkúta náà nílẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó mí hàà sí i lára. Èémí bo ojú òkúta náà. Ó nà án sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ka dé márùn-ún kí èémí náà tó pòórá.

"Ooru kì í pẹ́ lára dáyámọ́ńdì," ó ní. "Bó ṣe bà á ló ń sá lọ. Bí ẹ bá mí sí dáyámọ́ńdì, kí ẹ tó ní 'ẹ wò ó', ojú rẹ̀ ti mọ́. Èyí ń ṣe bí awò ojú ẹni tó tẹ̀ ba lé ìkòkò ọbẹ̀. Gíláàsì ni, Ìyá."

Kúkúrú na ọrùn láti orí àga, ó ní áà, òun mọ̀ ọ́n, ẹ̀yà yẹtí ọmọ kan tí òun gbé fún mi fọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni, òun ti wá a títí. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ẹkún tẹ̀ lé e, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe. Gíláàsì ọmọdé ni mo fẹ́ torí rẹ̀ kú.

Màmá Olórùka ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ti rí èyí tí kì í ṣe tàwọn, tàwọn wá dà?

"Ọwọ́ mi ló wà, mà," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn. Ó jáde láti yàrá ẹ̀yìn, èmi àti ọ̀gá tẹ̀ lé e, ó gbé òrùka tó fọ́jú náà sókè. "Kò kúrò lórí òrùka rí. Dáyámọ́ńdì yín nìyí."

Ọ̀gá wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á fi hàn wá kíá. Wọ́n fa òòlù yọ, wọ́n ní bó bá jẹ́ gidi, kò ní fọ́. Ọwọ́ ti gòkè kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó rọra gba òòlù náà lọ́wọ́ wọn.

"Sà, ohun tó le kọ́ ni ohun tí kì í fọ́. Awo le, aṣọ ò le. Ẹ ju méjèèjì mọ́lẹ̀ ká wo èyí tó máa fọ́. Bí ẹ bá fi òòlù lu dáyámọ́ńdì, ó máa là. Líle tirẹ̀, ìgbà tí a bá fi ha nǹkan ni a máa ń mọ̀ ọ́n."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní rúbì tí wọn ò nílò mọ́. Wọ́n mú ọ̀kan wá tó ti là, òkúta pupa tí fáìlì irin wa kò lè ràn. Ó yí òrùka dé, ó fi etí òkúta tó fọ́jú yẹn fà á lára rúbì lẹ́ẹ̀kan. Ìlà funfun tín-ín-rín jáde. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ. Wọ́n tutọ́ sí i, wọ́n tún nù ún. Ìlà náà ò kúrò.

Ó bi wọ́n pé nínú gbogbo òkúta tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, èwo ló tún lè ha rúbì. Kúkúrú ló dáhùn, ó ní kò sí.

Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wọ́n tún dúró. Wọ́n ní kí ló wá ṣe ojú rẹ̀?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìbátan ni dáyámọ́ńdì àti èédú. Ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ ńlá, àbúrò jókòó sídìí àdògán, ṣùgbọ́n iná mọ àwọn méjèèjì. Bí iná gáàsì bá bá dáyámọ́ńdì níhòòhò, awọ ara rẹ̀ á jó, á funfun. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, awọ òkè nìkan ló lọ. Ẹni tó ń dán dáyámọ́ńdì á họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ á sì là. Ó wá yíjú sí Kúkúrú, ó bi í pé báwo ló ṣe máa ń ṣe é tí òkúta kì í jó.

Kúkúrú ní àtíkè ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ń pè é, ìyẹ̀fun funfun kan tí a ń pò mọ́ sípíríìtì. Wọ́n á ri òrùka bọ inú rẹ̀, á bo òkúta bí ẹ̀wù, iná ò ní rí i. Ó ní òun ò ṣe é láìsí àtíkè rí fún ọdún mọ́kànlá.

Abọ́ àtíkè wà níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dojú rẹ̀ dé, kò sí ohun tó dà. Ó ti gbẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Kò sẹ́ni tó pò ó lọ́jọ́ Túsìdeè," ó ní. "Ẹni tó jó òrùka yìí gbàgbé àtíkè. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kì í gbàgbé. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò mú iná gáàsì lọ́wọ́ ló ń gbàgbé."

Ó wá bi Kúkúrú pé ta ló ra àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ fún un. Kúkúrú ní bẹ́ẹ̀ ni òun bá a láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ló yí i sókè, ẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́ kí òun lè bẹ̀rẹ̀ yí i padà.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí, bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé ṣeré.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Èmi gùn ún, tèmi ń fì. Màmá Olórùka ní kò sẹ́ni tó máa yọ àwọn sílẹ̀, àwọn náà gùn ún, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ ju síwá ju sẹ́yìn bí ọmọ ọdún méje. Ó ku ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn ò ráyè irú eré bẹ́ẹ̀. Màmá wò wọ́n títí tí ojú fi tì wọ́n. Wọ́n jókòó.

Ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀ pẹ́ẹ́. Orúnkún wọn wọ abẹ́ tábìlì, ìgúnpá wọn bọ́ síwájú iná gáàsì bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n fi wọn àga náà.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé fúláàsì rẹ̀. Ó ní ní tòun o, òun ò rí olè kankan níbí, nítorí náà kò sẹ́ni tí òun máa mú, iṣẹ́ ọlọ́pàá ti parí. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni. Mo mí sókè. Ṣùgbọ́n Màmá Olórùka ò tíì ṣe tán. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan la ẹnu rẹ̀ kó sọ fún àwọn ẹni tó jó òrùka ọkọ àwọn.

Ọ̀gá wa sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Wọ́n wá bá mi nídìí abọ́ omi, wọ́n tẹ̀ ba títí ẹnu wọn fi dé etí mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí òkúta funfun lọ́wọ́ àwọn, àwọn rò pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú ni. Wọ́n ní ṣe ni kí n sọ fún Màmá pé omi tí mo fi fọ̀ ọ́ ló gbóná jù. Màmá fẹ́ràn mi, wọ́n á dárí jì mí. Bí ó bá jẹ́ àwọn ni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló máa bàjẹ́.

Mo wo omi náà. Ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún ni ọwọ́ yẹn ti ń wọ inú rẹ̀, kò bó rí. Mo yọ ọ́ jáde, mo fi aṣọ nù ún gbẹ. Gbogbo wọn ń wò mí. Kúkúrú di ẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Màmá," mo ní, "ohun tí mo mọ̀, mo ti sọ ọ́ tán fún ọlọ́pàá. Ọ̀gá mi ló kù tí wọn ò tíì sọ tiwọn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. "Ìyá Alásẹ́, ẹ kúkú bá mi ṣàlàyé fún wọn."

"Rárá, sà. Láti àárọ̀ lẹ ti ní kí n sọ̀rọ̀, mo ti sọ ọ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Mi ò sì sọ ọ́.